Ọkọ̀ Tó Rì Sínú Káátálọ́ọ̀gì

"Kò sí ìwé lábẹ́ ọ̀run tí mi ò tíì kà," Akàwétán, ọ̀kan lára àwọn òǹkàwé ibẹ̀, wí, ó fọwọ́ gbá àyà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. "Àwọn tí wọn ò tíì kọ gan-an, mo ti ka ìlàjì wọn. Ìlàjì tó kù, mo ní kí n fi ojú sinmi ná ni."

"Jókòó síbẹ̀ kí o panu dé," Ọ̀gá Láíbìrì dá a lóhùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìwé ti sọnù nínú láíbìrì. Inú gbogbo wọn ń ru débi pé tí èèyàn bá gbé ìkòkò ka orí ẹnikẹ́ni nínú wọn, omi inú rẹ̀ á hó.

Ìtọ́jú Ọkọ̀ ni orúkọ ìwé náà. Káfíńtà kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló kọ ọ́ kó tó kú. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, kò sí èkejì níbì kankan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun náà ti ń kan ọkọ̀ báyìí, wá béèrè ìwé bàbá rẹ̀. Wọ́n wá a nínú káátálọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo ìwé ilé náà: kò sí. Wọ́n lọ wo pẹpẹ: àyè ìwé náà là sílẹ̀ gbàgà, bí ẹnu ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Ọ̀gá Láíbìrì ò wádìí, kò béèrè. Ó na ìka sí Àǹtí Káátálọ́ọ̀gì, obìnrin tó ń tẹ orúkọ gbogbo ìwé sínú kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ lo tà á! Ìwọ lo sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí a má baà mọ̀. Tí ìwé yẹn ò bá jáde kí a tó ti ilẹ̀kùn lónìí, má fẹsẹ̀ tẹ ibí mọ́. Màá kọ̀wé sí gbogbo láíbìrì tó wà láyé pé olè ni ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú gan-an ò ní gbà ọ́ síṣẹ́, torí bébà ni wọ́n fi ń pọ́n ọn."

Àǹtí Káátálọ́ọ̀gì ò sunkún. Ó gbé fóònù, ó pe ọlọ́pàá fúnra rẹ̀.

Èyí tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Má-Rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín. Ọmọ tuntun wò ó báyìí, agbẹ̀bí ní kó má bínú.

Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn. Ó wo àwọn tábìlì gígùn, ó wo fáànù òkè tó ń kérora, ó wo pẹpẹ ìwé tó tò lọ jìnnà débi pé ẹni tó bá wà nídìí wọn lọ́hùn-ún ti lè dàgbà kó tó dé iwájú.

"Ta ló ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà?" ó béèrè.

"Èmi ni," Bàbá Géètì wí. Ó dúró gbagidi, ojú rẹ̀ korò bí ewúro.

"Ǹjẹ́ ìwé lè gba ibí jáde kí ẹ má rí i?"

"Ìwé kẹ̀? Eṣinṣin tó bá fi ẹnu kan ìwé nínú ilé yìí, tó bá fẹ́ fò jáde, ẹ̀rọ yìí á han. Ẹ wò ó."

Ó mú ìwé kan, ó na ọwọ́ kọjá láàárín òpó irin méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà han goooro. Adití kan tó ń kọjá lọ lójú títì fọwọ́ di etí.

"Ó ti tó!" Ọ̀gá Láíbìrì jágbe.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí bàjẹ́ rí?" Má-Rẹ́rìn-ín béèrè.

"Kò bàjẹ́ rí. Èèyàn ló ń bàjẹ́ níbí." Bàbá Géètì ju ojú sí Àǹtí Káátálọ́ọ̀gì. "Obìnrin yẹn lọ fẹjọ́ mi sùn pé mò ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gba àga mi. Láti ìgbà náà, ìdúró ni mo wà. Orúnkún mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ká."

"Ẹ̀ ń hanrun ni, bàbá," Àǹtí dá a lóhùn. "Àwọn òǹkàwé rò pé wọ́n ń la igi lẹ́nu ọ̀nà."

"Ìwọ ni wọ́n máa là!"

"Ó tó," Má-Rẹ́rìn-ín wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì dákẹ́. "A jẹ́ pé ìwé ò jáde. Inú ilé yìí ló wà."

Ó yíjú sí Ọ̀gá Láíbìrì. "Ọ̀gá, tí ẹ bá lé obìnrin yìí, ta ló máa gba ipò rẹ̀?"

Ọ̀gá gbé ọrùn sókè. "Ìyẹn kan ìwé tó sọnù?"

"Ìbéèrè ni mo béèrè, sà."

"Àbúrò ìyàwó mi ń wáṣẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn ní àbúrò ìyàwó?"

"Ẹ gbọ́ o!" Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìwé inú ilé yìí! Èmi ò tíì dìde, wọ́n ti ń nu àga mi fún ẹlòmíràn."

"Àgbà ni mí sí ọ!"

"Ẹ hùwà àgbà nígbà náà, sà!"

Ọmọ Káfíńtà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká apá mọ́ àyà. Apá náà le bí igi tó ń gbẹ́. "Ẹ máa jà lọ," ó wí. "Èmi ò mọ ta ni olè, ta ni ọ̀gá. Ẹ fún mi ní ìwé bàbá mi."

Akàwétán ò dúró kí wọ́n pè é. Ó gbé àga tirẹ̀ wá síwájú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Èmi lẹ kàn, ma. Ẹ béèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún kan, mo ka ìwé kan tán lẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n kà, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn."

"Ibo lo máa ń jókòó níbí?"

"Ẹ̀gbẹ́ tábìlì Àǹtí. Ojoojúmọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ mumi, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n bá wọn wo kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kan mo wò ó jù, kọ̀ǹpútà tẹrí ba fún mi."

Ọ̀gá Láíbìrì fò sókè. "O ń fi kọ̀ǹpútà ìjọba sílẹ̀ fún wèrè yìí?"

"Omi ni mo lọ mu, sà," Àǹtí wí. "Ṣé kí n gbé kọ̀ǹpútà dání lọ mumi ni?"

Má-Rẹ́rìn-ín ò dá sí wọn. "O níyàwó?" ó bi Akàwétán.

"Ìyàwó kẹ̀! Obìnrin wo ló tó mi í fẹ́? Mi ò láya, mi ò bímọ. Ìwé nìkan ni mo gbé sílé."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Òǹkọ̀wé ni mí. Ìwé ńlá kan ló wà lọ́wọ́ mi, nípa ọkọ̀ ojú omi. Ó kù díẹ̀ kó jáde. Lọ́jọ́ tó bá jáde, ẹja á pa lílúwẹ̀ẹ́ tì, gbogbo wọn á máa wọkọ̀."

"Kà díẹ̀ níbẹ̀ fún mi."

Akàwétán hú ikọ́, ó di ojú. "'Àjẹ̀ tó bá dára gbọ́dọ̀ ga tó ọmọ mi obìnrin, nígbà tó bá nàró lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.'" Ó la ojú. "Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ni mo wí o. Ẹ má lọ gbọ́ àjẹ́."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọ Káfíńtà tú apá tó ká mọ́ àyà. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà.

"Ìwé káfíńtà ńkọ́?" Má-Rẹ́rìn-ín béèrè. "Ìtọ́jú Ọkọ̀. O kà á?"

Ẹnu Akàwétán, tó ń ṣiṣẹ́ bọ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta, há lójijì.

"Ìyẹn... rárá o, ma. Ìyẹn nìkan ni mi ò tíì kà. Mi ò rí i rí. Mi ò tiẹ̀ mọ àwọ̀ èèpo rẹ̀."

"Ó dáa. Padà síjòókòó rẹ."

Má-Rẹ́rìn-ín wá lọ bá Àǹtí nídìí kọ̀ǹpútà. "Fi hàn mí bí o ṣe wá a."

Àǹtí tẹ orúkọ ìwé náà pẹ̀lú ìbínú, bọ́tìnì ń ké: Ìtọ́jú Ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé kò sí. Ó tẹ orúkọ káfíńtà. Kò sí.

"Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ nìyẹn. Ìka mi ti fẹ́ yọ."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà tẹ̀ ẹ́," Ọ̀gá Láíbìrì wí, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó ń ṣá bọ́tìnì bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo. Nígbà tó fi máa tẹ̀ ẹ́ tán, irun orí Bàbá Géètì ti funfun sí i. Ohun tó tẹ̀ ni: Ẹ JỌ̀Ọ́ MO Ń WÁ ÌWÉ KAN TÍ BÀBÁ KÁFÍŃTÀ KAN KỌ NÍPA ỌKỌ̀ OJÚ OMI Ẹ ṢEUN.

Kò sí.

"Sà, kì í ṣe lẹ́tà là ń kọ sí i," Àǹtí wí. "Kò mọ 'ẹ jọ̀ọ́', kò mọ 'ẹ ṣeun'. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá dà sí i ló máa fẹ́ bá lára ìwé kan. Ìwé wo ló ń jẹ́ 'ẹ ṣeun'?"

"Ṣé ó gbọ́n?" Má-Rẹ́rìn-ín béèrè.

"Kò gbọ́n rárá, ma. Ohun tí ẹ bá kọ gan-an ló ń wá. Tí àmì kékeré kan bá yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀, lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ilé náà dákẹ́ débi pé èèrà tó ń gun ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn.

"Tí ọ̀daràn bá sá wọ àárín èrò," ó wí, "a kì í pariwo orúkọ rẹ̀. Orúkọ ló kọ́kọ́ máa pààrọ̀. Ìrìn rẹ̀ là ń wò, torí ìyẹn ni kì í rántí láti pààrọ̀. Ìwọ ń pariwo orúkọ láti àárọ̀. Gé e kù. Ṣé o lè wá ìdajì rẹ̀?"

Àǹtí wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìràwọ̀," ó wí. "Orí mi ti gbóná, mo gbàgbé ìràwọ̀. Tí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, tí mo fi àmì ìràwọ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo ìwé tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ á jáde, ìyókù ì báà jẹ́ kí ni."

Ó tẹ ìtọ́jú, ó fi ìràwọ̀ sí i. Ìwé rọ́ jáde bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu aago fún.

Ìtọ́jú Adìẹ. Ìtọ́jú Eyín. Ìtọ́jú Irun. Ìtọ́jú Ọgbà. Ìtọ́jú Ọkọ. Ìtọ́jú Ọmọ Tuntun.

"Dúró," Àǹtí wí. Ó fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹpútà. "Ìtọ́jú Ọkọ? Ta ló fi èyí síbí? Èmi ò tẹ ìwé kankan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ. Èmi tí mo ní ọkọ nílé gan-an, n bá ti kọ́kọ́ yá a kà."

"Ṣí i."

Ó ṣí i. Lórí ọ̀rọ̀ nípa ìwé náà, wọ́n kọ: Òǹkọ̀wé: a ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka: Ìgbéyàwó. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí ìwé gbé dání, wọ́n kọ: Ó ní àwòrán pákó, ìṣó àti ọ̀dà.

Bàbá Géètì na ọrùn wá láti ẹnu ọ̀nà. "Pákó àti ìṣó? Irú ọkọ wo ni wọ́n ń fi ìṣó tọ́jú?"

"Ọkọ tó ń rìnrìn àjò jù," Àǹtí dáhùn. "Wọ́n á kàn án mọ́lẹ̀." Nígbà náà ló gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí, ó fò dìde. "Ọkọ̀! Wọ́n yọ àmì orí rẹ̀! Wọ́n pa orúkọ bàbá yẹn rẹ́, wọ́n yí ẹ̀ka padà, ṣùgbọ́n ìlà tí mo kọ nípa àwòrán, wọ́n gbàgbé rẹ̀!"

"Ìrìn rẹ̀ nìyẹn," Má-Rẹ́rìn-ín wí. "Ibo ni pẹpẹ ìgbéyàwó?"

Gbogbo wọn rọ́ lọ síbẹ̀. Àárín ìwé ìyàwó tuntun àti ìwé ìjà ilé ni wọ́n ti bá a. Wọ́n ti fi bébà líle bo èèpo rẹ̀, wọ́n fi báírò kọ nọ́ńbà tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá Láíbìrì já a gbà, ó ṣí àárín rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ohùn ìgbéyàwó, kò wo àmì orí ọ̀rọ̀:

"'Tí ọkọ bá ń jò, dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú oòrùn, kí o fi ọ̀dà kun ìdí rẹ̀ dáadáa...'" Ó gbé ojú kúrò nínú ìwé. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Ọkọ̀ ni, sà," Àǹtí wí. "Tí ẹ bá kà á báyẹn délé, ìyá wa á kùn yín lọ́dà."

Ọmọ Káfíńtà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà.

Má-Rẹ́rìn-ín ní kí gbogbo èèyàn jókòó. Ìjókòó ni wọ́n jókòó, àfi Bàbá Géètì tí kò ní àga.

"Ẹni tó fẹ́ ta ìwé á wá bó ṣe máa gbé e jáde," ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ kó pòórá á fà á ya. Ẹni tó ṣe eléyìí fi í pamọ́ síbi tí òun nìkan á ti rí i. A jẹ́ pé ó ṣì ń lò ó. Bàbá Géètì, ìgbà wo lẹ wọ gbọ̀ngàn yìí gbẹ̀yìn?"

"Ṣáájú òní? Láti ìgbà tí wọ́n gba àga mi. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Ọ̀gá Láíbìrì ńkọ́? Ó ń wá ọ̀nà láti lé obìnrin yìí, òótọ́ ni."

"Èmi ò—"

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lé e á pa orúkọ ìwé náà rẹ́ ráúráú. Kí ló máa jókòó tún un tẹ̀ fún? Bí ẹ ṣe ń ṣá bọ́tìnì yẹn, Àǹtí á ti mumi tán, á ti wẹ̀, á ti padà dé, ẹ ò ní tíì tẹ lẹ́tà kejì."

Ó yí àga rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

"Akàwétán. O ka gbogbo ìwé tó wà láyé. O ka èyí tí wọn ò tíì kọ. Lórí ẹ̀yìn ìyá rẹ lo ti ń kàwé. O tún ń kọ̀wé nípa ọkọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìwé ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ilé tí o ń jókòó sí lójoojúmọ́, òun nìkan ni o ò kà?"

"Ma... ìrẹ̀lẹ̀ ni."

"Ìrẹ̀lẹ̀!" Bàbá Géètì pariwo. "Ìrẹ̀lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ, ó béèrè ọ̀nà ibòmíràn!"

"Ọmọ Káfíńtà," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, "wá ibi tí bàbá yín ti sọ̀rọ̀ àjẹ̀."

Obìnrin náà ti rí i tẹ́lẹ̀. Ó dìde dúró, ó kà á sókè. "'Àjẹ̀ tó bá dára gbọ́dọ̀ ga tó ọmọ mi obìnrin, nígbà tó bá nàró lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.'" Ó pa ìwé dé. "Èmi ni ọmọ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ wa ni mo ti máa ń nàró, tí bàbá mi á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sókè orí mi. Ìwọ ọkùnrin yìí, ọmọ tìrẹ dà?"

Akàwétán họ orí. "Ọmọ tí mo máa bí ni mo ní lọ́kàn."

"Ọmọ tí o ò tíì bí ló ń nàró?"

"Ó yára dàgbà ni!"

Ọmọ Káfíńtà sún mọ́ ọn. "Bàbá mi fi ìka méjì san ìwé yìí. Ayùn gé wọn. O fẹ́ kọ orúkọ rẹ sí i? Ṣé o mọ ìdí ọkọ̀ yàtọ̀ sí orí rẹ̀?"

"Èmi ni mo tún un ṣe!" Akàwétán bú jáde, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òjò ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣìnà. "Bàbá yín kọ ọ́ ṣákálá, èmi fi adùn sí i! Ta ló mọ̀ ọ́n? Ta ló ń kà á? Ìwé jókòó síbẹ̀ ó ń jẹ eruku, èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ di olókìkí! Nígbà tí mo sì gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀, kí ni kí n ṣe? Mo lè sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n orí tó gbẹ̀yìn ni mi ò tíì dà kọ tán!"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Òun náà gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"O jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè," Àǹtí Káátálọ́ọ̀gì wí. "O jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bú mi, ò ń bá wọn mi orí."

"Àǹtí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà tí ìwé mi bá jáde. N bá fi yín sínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́."

Ọ̀gá Láíbìrì hú ikọ́. Ó wo òkè, ó wo fáànù, ó wo gbogbo nǹkan àyàfi obìnrin náà. "Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ," ó wí.

"Olè kì í padà sẹ́nu iṣẹ́, sà. Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára mi, níwájú àwọn tí ẹ sọ ọ́ lójú wọn."

Ọ̀gá jẹ eyín pọ̀. "Ìwọ kì í ṣe olè," ó wí, bí ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀mú yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Etí Bàbá Géètì ò gbọ́."

"KÌ Í ṢE OLÈ!"

"Mo gbọ́ báyìí," Bàbá Géètì wí.

Má-Rẹ́rìn-ín fa ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ yọ lápò. Ó yíjú sí Akàwétán. Àga nìkan ló bá.

Ọkùnrin náà ti fò. Ó ta kọjá lórí tábìlì, ó gba abẹ́ apá Bàbá Géètì, ó la àárín òpó irin kọjá. Àwọn ojú ewé tó ti dà kọ ń já bọ́ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ ráyè han.

"Ẹ mú un!" Ọ̀gá Láíbìrì ń ké. "Ẹ mú un!"

Má-Rẹ́rìn-ín gba ẹnu-ọ̀nà jáde tẹ̀ lé e. Lójú títì, èèyàn ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ajá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ́tò ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ na ìgbálẹ̀ sí Akàwétán bó ṣe ń sáré kọjá.

"Ọmọ mi, kí ló dé? Kí ló ń lé ọ?"

"Wọ́n fẹ́ fi mí jọba, ìyá!" Akàwétán pariwo, kò bojú wẹ̀yìn. "Mo ní mi ò jẹ!"